Kòkó, Ìṣákọ́lẹ̀ àti Ìdàgbàsókè Ọrọ̀ Ajé: Àyẹ̀wò Ìrírí Àwọn Àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀ ló gbà pé irúgbìn tuntun, ẹ̀rọ tuntun àti ìmọ̀ tuntun ni òpó tí ìdàgbàsókè dúró lé. Iṣẹ́ yìí kò ta ko èrò náà, ṣùgbọ́n ó fi ìtàn àwọn àgbẹ̀ kòkó Modákẹ́kẹ́ hàn pé ohun tuntun kì í di ọrọ̀ àfi bí ètò kan bá wà tó fi dá ẹni tó ń lò ó lójú pé yóò jẹ nínú èso rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ètò náà nígbà tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí igi kòkó di arúgbó, ètò kan náà ló wá di ìdènà fún títún oko gbìn. Iṣẹ́ náà wo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú, ó sì fi ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà àti Côte d'Ivoire.

Ìfáàrà

Ní 1981, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Antoine van Agtmael, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni dòwò pọ̀, ṣàkíyèsí pé orúkọ náà "Ayé Kẹta" ń lé àwọn olówó sá. Ó fi orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀: ọjà tó ń gòkè bọ̀. Orúkọ náà ràn bí iná ọyẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ ìwé lórí ọgbọ́n tí irú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, lè dá kí ọrọ̀ ajé wọn fi dàgbà. Ìmọ̀ràn inú àwọn ìwé náà sì fara jọ ara wọn: kí ìjọba fi owó sí ìwádìí, kí irúgbìn àti ẹ̀rọ tuntun dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò ó.

Ó ti pẹ́ tí àríyànjiyàn ti wà lórí ohun tí à ń pè ní "ohun tuntun" gan-an. Joseph Schumpeter, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ọ́sítríà, ṣàlàyé nínú ìwé kan tó tẹ̀ ní 1911 pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn hùmọ̀ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí ó sọ ọ́ di ohun tí ayé ń rà tí ayé ń tà. Nínú ohun márùn-ún tó kà sí ohun tuntun, ọjà tuntun wà níbẹ̀, ọ̀nà tuntun láti ṣe nǹkan wà níbẹ̀, ìgbékalẹ̀ tuntun láàárín àwọn ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

Ní 2024, ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé bọ́ sọ́wọ́ Daron Acemoglu, Simon Johnson àti James Robinson, nítorí iṣẹ́ wọn lórí bí òfin àti ètò àwùjọ ṣe ń mú kí ìlú kan là kí òmíràn sì tòṣì. Ti 2025 bọ́ sọ́wọ́ Joel Mokyr, Philippe Aghion àti Peter Howitt, nítorí iṣẹ́ tiwọn lórí bí ohun tuntun ṣe ń fa ìdàgbàsókè. Ó dàbí ẹni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè méjèèjì. Ní oko kòkó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ọrọ̀ ajé ní agbègbè Ifẹ̀ kò sì ní láti rìn jìnnà kó tó rí àpẹẹrẹ rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ ni bàbá àgbà wọn jẹ́ apá kan nínú ìtàn náà.

Ìlú àti igbó

Àwọn tó tẹ Modákẹ́kẹ́ dó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun àti ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún lé wá sí ìhà gúúsù. Ifẹ̀ gbà wọ́n. Àárín àwọn onílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé, wọ́n ń bá wọn dáko, wọ́n sì ń bá wọn jagun. Nígbà tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to pọ̀ láàárín àlejò àti onílé, Ọọ̀ni Abewéilá fún wọn ní ibùdó tiwọn, ní nǹkan bí 1847. Ìtàn tí Johnson gbà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921 ni pé igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tó pa ìtẹ́ sórí igi kan níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ibùdó náà lórúkọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ yìí ni pé ibùdó ni wọ́n fún wọn. Igbó tí wọn yóò máa dáko sí ṣì wà lábẹ́ àwọn ìdílé àti ìjòyè Ifẹ̀. Ogun sì bẹ́ láàárín ìlú méjèèjì lẹ́yìn ìgbà náà. Àdéhùn àlàáfíà 1886 tó parí ogun Kírìjì ní kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 1909 kí wọ́n tó tú wọn ká lọ sí àwọn ìlú bí Òdè-Òmù àti Gbọ̀ngán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí padà. Àsìkò tí wọ́n padà yìí kò ṣeé fojú fò: ìgbà náà gan-an ni kòkó ń wọ igbó Ifẹ̀. Àwọn tó padà dé kò ní ilẹ̀ tó pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní apá, wọ́n ní ẹbí, wọ́n sì rí igbó tí onílẹ̀ rẹ̀ kò ní ọwọ́ tó tó láti ro ó tán.

Bí kòkó ṣe rìn dé inú igbó

Kì í ṣe ìjọba ló gbé kòkó dé àárín àgbẹ̀ Yorùbá. Kápútéènì James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ará Èkó, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó, ní Ìjọ̀n, ní nǹkan bí 1880. Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn ín ní Agége, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn géńdé tó wá ṣe lébìrà ní oko wọ̀nyí ló mú irúgbìn àti ìmọ̀ rẹ̀ padà lọ sí ilé wọn. Ẹni tó bá ti bá wọn ro oko kòkó ní Agége fún ọdún méjì mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, bí wọ́n ṣe ń bò ó kó kan, bí wọ́n ṣe ń sá a. Kò sí olùkọ́ kankan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báyìí ni ó ṣe ń lọ láti ìlú dé ìlú títí tó fi dé Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó. Ní nǹkan bí 1970 sí 1971, kòkó tí Nàìjíríà kó jọ lọ́dún kan lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù, tí ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ni ọ̀pọ̀ oko náà. Àgbẹ̀ olóko kékeré ló gbìn wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọgbọ́n tó wà nínú ìṣákọ́lẹ̀

Ìbéèrè tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni èyí: kí ló mú kí ènìyàn tí kì í ṣe onílẹ̀ gbin igi tí yóò lò tó ogójì ọdún sórí ilẹ̀ onílẹ̀?

Kí kòkó tó dé, ẹni tó bá tọrọ ilẹ̀ láti dáko iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ máa ń gbé ohun díẹ̀ fún onílẹ̀ nígbà ìkórè, iṣu mélòó kan tàbí ẹran ìgbẹ́, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣá, yóò ṣí lọ síbòmíràn. Igi tó ń pẹ́ ni wọn kì í fẹ́ kí àlejò gbìn, nítorí pé igi a máa dá awuyewuye sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọ̀pẹ tó wà lórí ilẹ̀ pàápàá, ti onílẹ̀ ni. Àlejò kò gbọdọ̀ kọ ẹyìn rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Kòkó yí èyí padà. Onílẹ̀ gbà kí àlejò gbin igi, àlejò gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fi kòkó san án tàbí owó rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Kò sí ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì kankan tó ṣe òfin yìí. Láàárín onílẹ̀ tó ní igbó tí kò ní ọwọ́ àti àlejò tó ní ọwọ́ tí kò ní igbó ni ó ti jáde, bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde nínú ìjókòó àwọn àgbà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Schumpeter wọ̀n ọ́n, ìgbékalẹ̀ tuntun ni, kò sì kéré sí irúgbìn kòkó fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀yà kòkó àtijọ́ máa ń lo ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó so. Láàárín àsìkò náà, àgbẹ̀ á gbin iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bo kòkó kékeré, ó sì bọ́ ẹni tó gbìn ín. Nítorí náà, owó tí àgbẹ̀ nílò láti fi bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ń ti inú oko náà wá. Ìyàwó, àwọn ọmọ àti àbúrò ló ń bá a ṣiṣẹ́, àwọn tó jọ wà ní abúlé á sì máa bá ara wọn ṣe àáró. Nígbà tí igi bá so tán, ó di ohun ìní tó ṣeé fi dógò. Galletti, Baldwin àti Dina, nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ní 1951 sí 1952, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1956, rí i pé fífi oko kòkó dógò láti yáwó wọ́pọ̀ gidigidi. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ wá di ẹni tó ní ohun tí olówó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdúró owó. Báńkì kankan kò dé ibẹ̀.

Ibi tí owó kòkó gbà

Láti 1947 tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ títa kòkó ti Nàìjíríà sílẹ̀, títí dé 1986 tí wọ́n pa irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́, ìjọba ló ń sọ iye tí wọn yóò fún àgbẹ̀, iye náà sì máa ń kéré sí ohun tí ọjà àgbáyé ń san. Àwíjàre wọn ni pé wọ́n ń pa ìyókù mọ́ de ọjọ́ tí owó kòkó bá já. Nínú ìyókù náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti rí owó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìdàgbàsókè rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ilé gogoro tí wọ́n sọ ní Ilé Kòkó ní Ìbàdàn sì parí ní 1965. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bú u. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àgbẹ̀ san owó orí tí wọn kò pè ní owó orí. Nígbà tí ti gidi tún gun orí rẹ̀ ni Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968.

Owó tó bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Sara Berry, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè Ifẹ̀, tẹ ìwé kan ní 1985. Ó rí i pé owó kòkó kò padà sínú oko tó bí i. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló gbà lọ, àti ilé kíkọ́, àti òwò, àti kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́; Berry ka àwọn mẹkáníìkì Ifẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣe àyẹ̀wò wọn. Àwọn bàbá ṣiṣẹ́ kí ọmọ wọn má baà ṣe irú iṣẹ́ tí àwọn ṣe. Àwọn kan máa ń fi èyí bú àgbẹ̀ pé kò mọ iye owó. Irú ìbúni bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Owó tí ènìyàn fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò sí lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ibi yòówù tí ọmọ náà bá lọ, yóò mú un dání.

Nígbà tí igi di arúgbó

Igi kòkó kì í kú lójijì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ogójì, èso rẹ̀ á máa dín kù, àrùn á sì máa tètè mú un. Ohun tí ìmọ̀ sọ ni pé kí wọ́n hú u, kí wọ́n gbin òmíràn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn ní 1964, ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ lórí èyí. Ní nǹkan bí 2010 sí 2011, wọ́n gbé ẹ̀yà tuntun mẹ́jọ jáde, láti TC1 títí dé TC8, tí wọ́n ń tètè so ju ti àtijọ́ lọ.

Síbẹ̀ igi àtijọ́ ṣì pọ̀ nínú oko. Ẹni tó bá gbà pé àìmọ̀kan ló fa á yóò ní kí wọ́n rán àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ síbẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí àdéhùn tó wà nílẹ̀: igi ni ti àlejò, ilẹ̀ ni ti onílẹ̀. Bí igi bá kúrò, kí ló kù fún àlejò? Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú igi tí bàbá rẹ̀ gbìn ti hú ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní. Onílẹ̀ lè sọ pé àdéhùn ti parí. Ó lè béèrè àdéhùn tuntun pẹ̀lú owó tuntun. Ọmọ onílẹ̀ tí kò bá wọn jókòó nígbà ayé bàbá rẹ̀ lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe máa ń fi igi arúgbó sílẹ̀, tí yóò sì máa ki ọmọ kòkó bọ àárín wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní ọ̀lẹ ni. Ọlọgbọ́n ni, àmọ́ ọgbọ́n náà ń jẹ èrè oko.

Ẹ̀rù yìí kò ti òkun dé. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí gé igi kòkó tí àrùn ọ̀wú mú ní agbègbè Ìbàdàn lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ẹgbẹ́ Máyégún sì gbé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ìmọ̀ ìjọba nípa àrùn náà tọ̀nà. Ohun tí kò sí nínú ìmọ̀ náà ni ìdáhùn sí ohun tó kàn lẹ́yìn tí igi bá ti lọ.

Ní 1978, òfin lílo ilẹ̀ jáde, ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìṣàkóso gómìnà. Ní agbègbè Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbà á pé òfin náà ti tú àwọn sílẹ̀: bí ilẹ̀ bá ti di ti ìjọba, ta ni ó tún ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Àwọn onílẹ̀ sọ pé irọ́ ni, pé ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó lásán, pé ẹni tó bá kọ̀ láti san án ti sẹ́ ẹni tó fún bàbá rẹ̀ ní ibi tó jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ ni ti ẹgbẹ́ méjèèjì. Ó di 1991 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tó sọ, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, pé òfin 1978 kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lórí ẹni tó tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́. Ọdún mẹ́tàlá ti kọjá láàárín, ìjà sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1981 àti 1983. Òmíràn, tó burú jù wọ́n lọ, tún wáyé láti 1997 títí dé 2000.

Ìjà náà ní ju ìdí kan lọ. Ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti ibi tí oríkò rẹ̀ yóò wà ló tanná ran ti 1997. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn tó ti jọ ń ra tí wọ́n jọ ń tà láti kékeré kò sì lè gba òpópónà ara wọn kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kọ̀wé lórí rẹ̀ kò yọ ìṣákọ́lẹ̀ kúrò nínú gbòǹgbò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, oko di ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Kò sí ẹ̀yà kòkó kankan, bó ti wù kó tètè so tó, tó lè so fún ẹni tí kò lè dé ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ àti kòkòrò tí kò béèrè ilẹ̀ ta ni

Ó dára láti fi ẹ̀gẹ́ wé kòkó, nítorí pé agbègbè kan náà ni, àwọn àgbẹ̀ kan náà sì ni. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé tó ń jẹ́ IITA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, gba onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan, Sang Ki Hahn, ní 1971. Iṣẹ́ rẹ̀ ló mú irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn kò tètè ń mú jáde, irú èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà pè ní TMS 30572. Igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lówó ńlá. Aládùúgbò a máa gé e fún aládùúgbò. Láàárín ọdún kan ó ti ta. Kò sí onílẹ̀ tí yóò sọ pé ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Báyìí ni ẹ̀yà tuntun náà ṣe tàn kálẹ̀ láìdá awuyewuye sílẹ̀. Ní 1983, àwọn ará Ìkirè, tí kò jìnnà sí Ifẹ̀, fi Hahn jẹ oyè Sẹ̀ríkí Àgbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ń kàn.

Èyí tó tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni ti kòkòrò funfun tó wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, tó fẹ́ run ẹ̀gẹ́ tán. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Síwítsáláǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ wá agbọ́n kékeré kan rí ní Paraguay tó ń pa kòkòrò náà. Ní 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Agbọ́n náà ń fò láti oko dé oko, kò béèrè ilẹ̀ ta ni, kò dúró gba àṣẹ, kò sì sí ẹni tó san owó rẹ̀ nínú àwọn àgbẹ̀. Ní 1995 ni Herren gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé. Irú ohun tuntun báyìí ṣọ̀wọ́n. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó kù ni wọ́n nílò kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ kúrò lóko, òun náà bọ́ sínú ọ̀rọ̀ àdéhùn. Àwọn obìnrin ló ń ṣe gààrí jù. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ gba iṣẹ́ líle lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n títẹ̀ àti yíyan ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Láti 2002, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ké sí àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí i kí Nàìjíríà lè máa tà á sókè òkun, ní 2005 wọ́n sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lú ti àlìkámà. Àwọn àgbẹ̀ gbìn ín. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò rà á kò pọ̀ tó, owó ẹ̀gẹ́ sì já. Àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè ní ọdún náà kò ní gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún mú irúgbìn mìíràn wá.

Bí ó ti rí ní ilẹ̀ mìíràn

Polly Hill, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1963, ṣàlàyé pé àwọn àgbẹ̀ kòkó gúúsù Gánà tó ṣí kúrò ní ìlú wọn ló kọ́ ọrọ̀ kòkó ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń da owó pọ̀ ra ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn mìíràn tún wọ́pọ̀ níbẹ̀, tí àlejò yóò gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọn yóò sì pín oko tàbí èso sí méjì nígbà tó bá so. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ìṣákọ́lẹ̀ ni pé onílẹ̀ ilẹ̀ Gánà ní ìpín nínú bí oko bá ṣe ń so sí. Bí igi tuntun bá so dáadáa, òun náà jẹ níbẹ̀. Onílẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí iye rẹ̀ kò yí padà kò rí ohun tó kàn án nínú bí kòkó ṣe so.

Ti Côte d'Ivoire ló yẹ kó dẹ́rù bani. Félix Houphouët-Boigny kéde ní àwọn ọdún 1960 pé ẹni tó bá lo ilẹ̀ ló ni ín. Àwọn ènìyàn tú wá láti Burkina Faso àti láti àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n wọ igbó, nígbà tí ó sì máa fi parí àwọn ọdún 1970, Côte d'Ivoire ti ṣíwájú gbogbo ayé nínú kòkó. Ẹnu ààrẹ ni ìlérí náà wà. Kò sí nínú ìwé tí àwọn onílẹ̀ fọwọ́ sí. Ó kú ní 1993. Ní 1998, òfin tuntun sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 2002, ọ̀ràn ilẹ̀ kòkó wà lára ohun tó dáná sí i.

Àmì kan lórí àwòrán ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn. Ní 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kó tó tún já wálẹ̀ gidigidi ní 2025. Owó ńlá a máa jí àwọn ọmọ onílẹ̀ àti ọmọ àlejò tó ti wà ní Èkó àti Ìbàdàn pa dà sínú ọ̀rọ̀ oko tí wọ́n ti gbàgbé.

Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń ra púpọ̀ nínú kòkó Nàìjíríà, sì ṣe òfin kan ní 2023 pé kòkó tó bá ti inú igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 jáde kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ tà á níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn lórí àwòrán ilẹ̀ ibi tí oko náà wà gan-an: oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, kí wọ́n ya ààlà rẹ̀ yí ká, èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àmì kan ṣoṣo tó. Ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pẹ̀lú pé kòkó náà jáde lọ́nà tó bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu, tí ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ sì wà lára òfin náà. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọ oko.

Ní ilẹ̀ tí igi jẹ́ ti ẹnìkan tí ilẹ̀ sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ta ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà? Bí wọ́n bá kọ orúkọ àlejò nìkan, onílẹ̀ yóò rí i bí ọgbọ́n tí wọ́n fi fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ti onílẹ̀ nìkan, ẹni tó gbin igi ti pàdánù ẹ̀rí rẹ̀ láìhú igi kankan. Orúkọ méjèèjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn kan tó sọ ohun tí àdéhùn àtijọ́ kò sọ: pé bí wọ́n bá hú igi arúgbó láti gbin tuntun, ẹ̀tọ́ ẹni tó gbìn ín ṣì dúró fún iye ọdún báyìí, àti pé bí èso bá pọ̀ sí i, ìpín onílẹ̀ yóò pọ̀ sí i pẹ̀lú. Èdè Yorùbá ni ó yẹ kí wọ́n fi kọ ìwé náà, nítorí òun ni àwọn àgbà ìdílé méjèèjì lè gbọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i. Ẹ̀dà kan yóò wà lọ́dọ̀ onílẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ olóko. Ẹ̀dà kẹta ni kò tíì ní ibi tí yóò gbé: ní Ifẹ̀, ní Modákẹ́kẹ́, tàbí ní ibòmíràn tí ẹgbẹ́ méjèèjì lè wọ̀ láìbojú wẹ̀yìn.